Tòkunbọ̀ gbàǹjo: ẹ béèrè ìtàn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń dán yinrin l'Ékòó, ọjà gbàǹjo l'Amẹ́ríkà, irú Copart, ni wọ́n ti rà á. Níbẹ̀, bí mọ́tò bá ní jàǹbá tàbí tí omi bò ó, tí adójútòfò rí i pé owó àtúnṣe rẹ̀ ti pọ̀ jù, ìwé rẹ̀ á di 'salvage'. Wọ́n á tà á bó ṣe wà, láìsí gàráńtì. Ẹni tó rà á mọ ohun tó rà.

Ọ̀dọ̀ wa níbí lọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Panẹ́lì bítà á nà án, wọ́n á kùn ún, ìtàn rẹ̀ á parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni airbag ń bẹ́, ọ̀dà ò sì lè wo wáyà tó ti ń jẹrà.

Òfin FCCPA ti 2018 ní kí wọ́n sọ fún oníbàárà tí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí àtúnṣe. Ẹ má dúró dè é o. VIN oní 17 wà lábẹ́ gíláàsì iwájú: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fọ́tò gbàǹjo rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò ní jàǹbá rí, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Tó bá kọ̀, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀.