JOHN LOWE: KÁFÍŃTÀ TÍ ỌFÀ KÉKERÉ SỌ DI OLÓKÌKÍ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ọmọdé bá gbọ́ pé ẹnì kan fi ọfà kékeré mẹ́sàn-án gba £102,000, ó lè ní kí a mú òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tí òun ń kọ́. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó di ẹrù rẹ̀, ẹ ka ìtàn yìí sí i létí.

John Lowe ni orúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, ní 1945 ni a bí i. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe kí ó tó di ẹni tí ń fi eré dáàtì jẹun.

Pátákó roboto tí a pín sí ọ̀nà 20 ni wọ́n fi ń ṣe eré náà. Òkè pátápátá ni 20 wà, ṣùgbọ́n 1 wà lọ́tùn-ún rẹ̀, 5 wà lósì, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n lè jìyà rẹ̀. Òrùka tóóró kan ń sọ iye náà di ìlọ́po mẹ́ta, òmíràn ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Òṣèré á máa yọ ohun tí ó bá jẹ kúrò nínú 501, orí ìlọ́po méjì ni ó sì gbọ́dọ̀ parí sí.

Ní October 13, 1984, ní ìlú Slough, Lowe àti Keith Deller pàdé. Lowe ju ọfà mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60. Ó ku 141. Ó jẹ 51, ó jẹ 54, ó sì fi 36 parí rẹ̀. Ọfà mẹ́sàn-án péré! Kò sí ẹni tí ó kéré sí i tí ó lè parí 501. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ti là kọjá. Ní 1978, Leighton Rees nà án ní àṣekágbá ti gbogbo ayé. Ní ọdún kejì, ó padà wá na Rees kan náà, 5 sí 0. Ó tún gba ife náà ní 1987 àti ní 1993, nígbà tí ó ti pé ọmọ ọdún 47. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni ó dé àṣekágbá. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ó fìdí rẹmi.

Òótọ́ ni pé ilé ọtí ni eré yìí ti gbilẹ̀ nílùú Òyìnbó, ọtí àti tẹ́tẹ́ sì jẹ́ hàrámù fún wa. A kò rán ọmọ ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ànábì wa (S.A.W.) gbà wá níyànjú láti kọ́ ọfà títa, nítorí ojú tí ó mọ́lẹ̀ àti ọwọ́ tí kò gbọ̀n kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ.

Nítorí náà, ọmọ tí ó bá ń fẹ́ £102,000 Lowe, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bí ó bá lè gba ìpàdánù márùn-ún náà mọ́ra. Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní sùúrù lẹ́nu iṣẹ́ tí ó mọ́. Àmín.