Ọmọ fẹ́ kọ́ nípa òwò, wọ́n ní kó tún kọ́ àṣà àti ọgbọ́n orí: èrè wo ló wà níbẹ̀?

Bí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù ní Màsífà, tí ọmọ yín sì wọ yunifásítì láti kọ́ nípa ìṣàkóso òwò, ìbéèrè kan ò ní í pẹ́ jáde lẹ́nu yín. Ẹ ó rí i pé ọmọ ń ka èdè Gẹ̀ẹ́sì, àṣà àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà, títí kan ọgbọ́n orí àti àròjinlẹ̀. Ṣé torí èyí lẹ ṣe ń sanwó tí ẹ bá fi ra ọjà?

Kì í ṣe pé yunifásítì ń fi àkókò ọmọ ṣòfò. Àjọ NUC tó ń mójú tó yunifásítì ló sọ ọ́ di dandan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì fi ẹ̀kọ́ nípa dídá òwò sílẹ̀ kún un. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà tí ẹ̀kọ́ wọn dá lórí èyí pátápátá: akẹ́kọ̀ọ́ òwò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìtàn, èdè àti sáyẹ́ǹsì.

Ẹ jẹ́ ká wo Abidjan, nítorí ta ni kò ní ẹbí níbẹ̀ ní agbègbè Èjìgbò? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, wọ́n já owó séfà wálẹ̀ sí ìdajì. Fráńkì ilẹ̀ Faransé kan tó jẹ́ séfà 50 tẹ́lẹ̀ di 100 lẹ́ẹ̀kan náà. Oníṣòwò tó jẹ gbèsè ọjà ilẹ̀ Faransé wá di ẹni tó ń wá ìlọ́po méjì séfà láti fi san án. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ èèyàn wa sì fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ sá wálé. Ìwé àkọsílẹ̀ owó, bó ti wù kó péye tó, kò lè fi irú èyí han èèyàn ṣáájú. Ẹni tó mọ ìtàn owó séfà, tó sì ń ka ìwé ìròyìn wọn ní èdè Faransé, ló ṣeé ṣe kó tètè fura. Tèmi ni pé kí ọmọ tó bá láǹfààní àtikọ́ Faransé má ṣe jẹ́ kó bọ́.

Ọjà títà fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù ìyá ẹ̀ ló ti máa kọ́ ìyẹn, nígbà ìsinmi.

Ẹ má ṣi ọ̀nà o. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006 ní ọgbà sí Èjìgbò lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Òkúkù ni ti ìṣàkóso òwò. Bowen, yunifásítì ìjọ Onítẹ̀bọmi, wà ní Ìwó nítòsí, àmọ́ ti aládàáni ni, owó ẹ̀ sì wúwo jù. Ọdún mẹ́rin ni yunifásítì. Ní pólì, ọdún méjì ni ND, ọdún kan fún iṣẹ́, lẹ́yìn náà ọdún méjì fún HND.

Kí ọmọ tó kọ JAMB, ẹ wò ó bóyá ó ti yege dáadáa nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti ọrọ̀ ajé nínú WAEC tàbí NECO. Ìṣirò yẹn gan-an ló máa ń dá ọ̀pọ̀ wọn padà.