Nígbà tí ara bá pàdé àrùn tí kò mọ̀ rí



Lóru ọjọ́ kan lóṣù kẹjọ ọdún 2014, màmá mi jí gbogbo wa nílé. Wọ́n ní ká dìde ká lọ fi omi iyọ̀ wẹ̀. Ẹnì kan ló pè wọ́n lórí fóònù pé òun ni kò ní jẹ́ kí Ebola mú wa. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ṣì wà. A wẹ̀, a sì mu díẹ̀ nínú rẹ̀.

Omi iyọ̀ yẹn kò lè dènà Ebola. Ta ló wá ń bá a jà? Ara fúnra rẹ̀ ni.

Oríṣi ẹ̀ṣọ́ méjì ló wà lára wa. Àkọ́kọ́ dà bí ọdẹ àdúgbò: bó bá ti rí àjèjì, á fọn fèrè. Èròjà kan tó ń jẹ́ interferon ni fèrè náà; òun ló ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù lólobó. Ẹ̀ṣọ́ kejì máa ń kọ́kọ́ kọ́ bí ojú ọ̀tá ṣe rí, kó tó ṣe àńtíbọ́dì tó bá ọ̀tá yẹn nìkan mu. Bí àrùn náà bá jẹ́ tuntun, ẹ̀kọ́ yìí lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Ibẹ̀ ni Ebola ti ń rí wa mú. Inú ọdẹ gan-an ló ń kọ́kọ́ wọ̀, á sì dí fèrè lẹ́nu. Kí ẹ̀ṣọ́ kejì tó múra tán, ó ti bí sí i káàkiri ara.

Èèyàn 20 ló kó Ebola ní Nàìjíríà lọ́dún 2014. Mẹ́jọ kú, 12 yè é. Kò tíì sí oògùn tí ìjọba kankan fọwọ́ sí fún un nígbà náà. Omi ORS, tí iyọ̀ àti ṣúgà inú rẹ̀ ní ìwọ̀n, wà lára ohun tí wọ́n fún àwọn aláìsàn ní Èkó. Kì í pa Ebola. Ó ń dá omi tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru gbà lára wọn padà, kí ẹ̀ṣọ́ kejì lè rí àyè kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ara kì í sì í tètè gbàgbé. Ẹnì kan yè é nígbà tí Ebola jà ní Kikwit, ní Congo, lọ́dún 1995. Ọdún 11 lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì rántí ọ̀tá náà. Inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni wọ́n ti rí àńtíbọ́dì tó di oògùn ansuvimab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lóṣù kejìlá ọdún 2020.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára nìyẹn: ó ń fi ojú ọ̀tá han ẹ̀ṣọ́ kejì kí ogun tó dé.

Mo jẹ́ kí màmá mi gbọ́ ètò yìí kí n tó gbé e jáde. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ èyí fún wa lóru ọjọ́ yẹn?"

Ìdí tí mo fi ṣe é nìyẹn. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.