Ibà Tí Kì Í Lọ Bọ̀rọ̀: Ewu Brucellosis Lódò Ẹran Oko-Ọba

Ará Ifákò-Ìjàyè tó bá gbọ́ pé àrùn brucellosis wà nínú agbo ràkúnmí àwọn darandaran Ṣókótó àti Borno lè ní ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ni. Kò jìnnà. Brucella, kòkòrò tó ń fa àrùn náà, ń bá màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn jà pẹ̀lú, odò ẹran Oko-Ọba l'Ágége, tó múlé gbe Ifákò, sì ni ọ̀pọ̀ màlúù tí wọ́n ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó wá láti Òkè Ọya ń sọ̀ sí. Èrò tèmi ni pé alápatà ni ewu yìí kọ́kọ́ ń bá, kó tó kan ẹni tó ń jẹ ẹran.

Ilé ọmọ ni kòkòrò yìí fẹ́ràn jù. Bí abo màlúù tó ní in bá lóyún, inú omi tó yí ọmọ ká ló ti ń bí sí i, oyún náà a sì máa wálẹ̀ láìtọ́jọ́. Ẹ wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ: alápatà á ki ọwọ́ lásán bọ inú màlúù títí dé ìgbọ̀nwọ́, ọ̀bẹ ti ha á níka láàárọ̀, omi ilé ọmọ sì ta sí i lójú. Ojú ọgbẹ́, ẹyinjú, ihò imú: gbogbo rẹ̀ lọ̀nà fún Brucella. Ní 2011, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ odò ẹran 224 wò l'Ábùújá. Àmì àrùn náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ 54 lára wọn, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin.

Àwọn kan á ní àwọn baba àwọn pa ẹran dọjọ́ ogbó, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ta ló yẹ̀ wọ́n wò? Ibà brucellosis á wá, á lọ, á tún padà. Òógùn òru, oríkèé ríro, ẹ̀yìn dídùn, àárẹ̀ tí oorun kò lè tán, nígbà mìíràn kóró ẹpọ̀n á wú. L'Ékòó, ẹni tó bá kó irú èyí dé kẹ́mísìtì, oògùn ibà ẹ̀fọn ni wọ́n ó tà fún un. Tó bá padà, wọ́n á ní táífọ́ọ̀dù ni. Oògùn ibà ọjọ́ mẹ́ta kò ràn án rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń lo doxycycline pọ̀ mọ́ rifampicin.

Ẹni tó bá ní ẹnu ni àrùn náà ń gbà wọlé kò parọ́ o. Dókítà David Bruce rí kòkòrò náà ní erékùṣù Malta ní 1887. Ní 1905, Dókítà Themistocles Zammit rí i pé ara ewúrẹ́ ló ti ń wá, nígbà tí wọ́n sì dá àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ lẹ́kun wàrà ewúrẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àrùn náà lọ sílẹ̀ láàárín wọn. Nónò tí kò kan iná léwu, kíkan rẹ̀ kò tó láti gbà wá. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó hó dáadáa ti pa kòkòrò inú ẹran; kò sí iná tó ń ṣọ́ ọwọ́ alápatà.

Wọ́n á tún ní kí ìjọba lọ fún màlúù ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lókè lọ́hùn-ún. Òótọ́ ni, abẹ́rẹ́ náà wà, àmọ́ agbo ẹran tó ń gba ẹnubodè Niger àti Chad wọlé kò ní í ṣeé bá parí lọ́dún kan. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti bàtà òjò kò nílò kéèyàn dúró de Òkè Ọya. Àyẹ̀wò Rose Bengal náà kò wọ́n: wọ́n á po omi ara ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ mọ́ òkú Brucella tí wọ́n ti pa láró pupa, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin wọ́n á rí i bóyá ó ṣù. Ó yẹ kó wà ní gbogbo ilé ìwòsàn tó yí Oko-Ọba ká.

Ẹ̀yin alápatà tí ibà yín lọ tó tún padà, ẹ kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún dókítà kó tó kọ oògùn, kí ẹ sì ní kó yẹ̀ yín wò fún brucellosis.