Ọmọ Ọwọ́ Tí Ara Rẹ̀ Kọ Wàrà àti Ẹ̀wà Sóyà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù,

Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbà yín níyànjú pé kí ẹ gbin ẹ̀wà sóyà, kí ẹ sì máa fi í sínú oúnjẹ àwọn ọmọ yín. Ìmọ̀ràn náà dára, a kò sì yí i padà. Ní ọdún 1908 ni wọ́n kọ́kọ́ gbin sóyà wò ní ilẹ̀ wa, ní Moor Plantation ní Ìbàdàn. Bí a bá pín èso rẹ̀ sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 40 ni èròjà amúaradàgbà, nǹkan bí 20 sì ni òróró. Àgbàdo kò ní tó ìdá mẹ́ta irú èròjà amúaradàgbà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé ìwádìí iṣẹ́ ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Òṣòdì fi po sóyà mọ́ ògì, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyá sì ń fi irú ògì bẹ́ẹ̀ tọ́ ọmọ títí di òní.

Ṣùgbọ́n ìka kò dọ́gba. Àwọn ọmọ díẹ̀ wà tí ara wọn kọ wàrà màlúù, àwọn kan sì wà nínú wọn tí ara wọn kọ sóyà pẹ̀lú. Nítorí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ìwé yìí. Iṣẹ́ wa kì í ṣe iṣẹ́ dókítà, a kò sì ní gba iṣẹ́ dókítà ṣe. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí, láti oko yín àti láti ilé ẹ̀rọ yín sì ni oúnjẹ ti ń wá.

OHUN TÍ ARA ỌMỌ Ń KỌ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pa ohun méjì pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan ni ṣúgà tí ó wà nínú wàrà. Ní ọdún 1971, Dókítà Olikoye Ransome-Kuti àti Norman Kretchmer pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde nípa bí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ti ń da ṣúgà yìí nínú. Wọ́n rí i pé inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbàlagbà Yorùbá kò lè dà á, ṣùgbọ́n inú ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran lè dà á. Ìdí nìyí tí inú fi máa ń kùn fún ọ̀pọ̀ nínú wa bí a bá mu mílíìkì púpọ̀. Àgbàlagbà àti ọmọ tí ó ti kúrò lẹ́nu ọmú ni èyí sábà máa ń bá. Ìkókó tí ara rẹ̀ le a máa lè da ṣúgà yìí, nítorí pé ó wà nínú ọmú ìyá rẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun kejì ni èyí tí a ń sọ nípa rẹ̀ lónìí, èyíinì ni èròjà amúaradàgbà inú wàrà màlúù. Ara àwọn ọmọ kan a máa ka èròjà náà sí ohun búburú, a sì máa bá a jà. Ìjà náà ni ó ń di àìsàn. Ní àwọn ilẹ̀ Òyìnbó tí wọ́n ti kà wọ́n, bí ọmọ 2 tàbí 3 nínú 100 ni ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ara ọmọ lè kọ èròjà ti sóyà lọ́nà kan náà. Ìwọ̀n díẹ̀ péré sì lè tó láti dá àìsàn náà sílẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí èyí: a máa ń sọ fún yín pé kí ẹ se sóyà jinná dáadáa. Òótọ́ ni, nítorí pé ohun kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ènìyàn, iná sì máa ń pa á. Ṣùgbọ́n iná kì í pa èyí tí ara ọmọ ń kọ̀. Bí ẹ bá se sóyà tàbí wàrà láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹ má ṣe rò pé ọmọ tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́ lè jẹ ẹ́ láìséwu.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ Ẹ Ó MÁA ṢỌ́

Ọ̀nà méjì ni ara ọmọ ń gbà kọ oúnjẹ. Ọ̀nà kìíní yá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì tí ọmọ jẹ oúnjẹ náà, ara rẹ̀ lè sú, kí ó sì máa yún un. Ètè tàbí ojú rẹ̀ lè wú. Ó sì lè máa bì. Bí mímí bá ń nira fún un, tàbí tí ọmọ náà rọ jọwọlọ, ẹ má ṣe dúró wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wàràwàrà, ìbáà jẹ́ òru.

Ọ̀nà kejì ń falẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí púpọ̀ tàbí ọjọ́ méjì mẹ́ta ni ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìgbẹ́ gbuuru, tàbí ìgbẹ́ tí ó ní ikun tàbí ẹ̀jẹ̀. Ó lè máa bì nígbà gbogbo, kí ó máa ké lẹ́yìn oúnjẹ, kí ìwọ̀n rẹ̀ má sì lọ sókè mọ́ nínú káàdì tí nọ́ọ̀sì ń kọ. Ọ̀nà kejì yìí ni ó ṣòro jù láti mọ̀, nítorí pé ìyá ti gbàgbé ohun tí ọmọ jẹ níjẹta.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe kánjú sọ pé wàrà ni ó fà á. Omi tí kò mọ́, abọ́ tí a kò fọ̀ dáadáa, àti ibà a máa fún ọmọ ní ìgbẹ́ gbuuru àti èébì lọ́pọ̀ ìgbà ju èyí lọ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ. Bí ìgbẹ́ bá ń ṣe é, omi ORS àti oògùn zinc ni nọ́ọ̀sì yóò fún un, kí omi ara rẹ̀ má bàa gbẹ. Ohun tí ìyá lè fi ran dókítà lọ́wọ́ ni pé kí ó kọ gbogbo ohun tí ọmọ jẹ, àti wákàtí tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, sínú ìwé kékeré kan. Bí ìyá kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kí ọmọ ilé-ìwé bá a kọ ọ́.

Ẹ MÁ ṢE GBA ỌMÚ LẸ́NU ỌMỌ

Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ara ọmọ kọ wàrà, àwọn kan a ní kí ìyá dá ọmú dúró. Àṣìṣe ńlá ni. Wàrà màlúù ni ara ọmọ kọ̀, kì í ṣe ọmú ìyá rẹ̀. Ọmú nìkan ni ó yẹ ọmọ títí yóò fi pé oṣù 6, láìsí omi, láìsí àgbo, láìsí ògì. Lẹ́yìn èyí, kí ó máa mu ọmú pẹ̀lú oúnjẹ títí yóò fi pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òótọ́ ni pé díẹ̀ nínú èròjà oúnjẹ tí ìyá jẹ lè gba inú ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bí dókítà bá rí i pé ó ń ṣe ọmọ tí ń mu ọmú nìkan bẹ́ẹ̀, yóò ní kí ìyá yẹra fún gbogbo ohun tí ó ní wàrà fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Bí ara ọmọ bá yá, ìyá yóò tún tọ́ wàrà wò lábẹ́ àmójútó dókítà, kí a lè mọ̀ dájú. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, dókítà lè ní kí ó yẹra fún sóyà pẹ̀lú. Bí ìyẹn náà kò bá sì mú ìyàtọ̀ wá, kí ìyá padà sí oúnjẹ rẹ̀ gbogbo, nítorí pé ìyá tí ebi ń pa kò lè tọ́ ọmọ. Ní àkókò tí ìyá bá ń yẹra fún wàrà, kí ó máa jẹ ẹja kéékèèké tí a ń jẹ teegunteegun, edé, àti ẹ̀fọ́ bíi tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, kí egungun tirẹ̀ má bàa di aláìlágbára.

Ẹ MÁ ṢE FI SÓYÀ TÀBÍ WÀRÀ EWÚRẸ́ RỌ́PÒ LÁÌBÉÈRÈ

Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ènìyàn nìyí: bí wàrà màlúù kò bá bá ọmọ lára mu, a ó fún un ní ti sóyà. Nínú ọmọ 100 tí ara wọn ń kọ wàrà lọ́nà tí ó yá, bí 10 sí 14 ni ara wọn ń kọ sóyà pẹ̀lú. Láàárín àwọn tí tiwọn ń falẹ̀, tí ìfun wọn sì ti bàjẹ́, wọ́n pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Wàrà ewúrẹ́ tilẹ̀ burú jù, nítorí pé ó jọ ti màlúù tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí ó ju 90 lọ nínú 100 kò fi lè gbà á.

Omi sóyà tí a fún nílé pẹ̀lú kò lè dípò ọmú fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Èròjà tí ìkókó nílò kò pé nínú rẹ̀. Bí ọmọ kò bá ní ọmú ìyá, mílíìkì pàtàkì kan wà tí a ti gé èròjà inú rẹ̀ wẹ́wẹ́ kí ara ọmọ lè gbà á. Ó wọ́n púpọ̀, dókítà ni yóò sì sọ èyí tí ẹ ó rà. Kí ẹ tó fi owó ṣòfò lórí agolo kan tàbí òmíràn, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

IBI TÍ WỌ́N Ń FARA PAMỌ́ SÍ

Wàrà wà nínú búrẹ́dì àti bisikíìtì púpọ̀, nínú bọ́tà, nínú fùrá tí a fi nónò pò, àti nínú ọ̀pọ̀ kòkó mímu inú agolo. Sóyà wà nínú ògì àpòpọ̀, nínú wàrà sóyà tí a ń dín tà, nínú ìyẹ̀fun tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, àti nínú àwọn èròjà amọ́bẹ̀dùn kan. Ẹ má sì gbàgbé irú: nígbà tí igbá bá wọ́n, sóyà ni àwọn kan fi ń ṣe é. Kí ìyá béèrè lọ́wọ́ oníirú kí ó tó rà á.

OÚNJẸ TÍ OKO WA LÈ FI RỌ́PÒ WỌN

Ibí gan-an ni ewu tí ó tóbi jù wà. Ìyá tí ó ti gbọ́ pé wàrà kò dára, sóyà kò dára, lè padà sí ògì lásán. Ní ọdún 1935, Dókítà Cicely Williams, tí ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí a ń pè ní Gánà nísinsìnyí, kọ̀wé nípa àìsàn tí ń mú ẹsẹ̀ ọmọ wú, tí irun rẹ̀ ń pọ́n, tí awọ rẹ̀ sì ń bó. Kwashiorkor ni àwọn ará Gá ń pè é. Ó kíyè sí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi oúnjẹ àgbàdo nìkan tọ́ ni ó ń bá. A kò gbọdọ̀ sá fún èébì kí a lọ bá kwashiorkor.

Nítorí náà, bí a bá mú oúnjẹ méjì kúrò, a gbọ́dọ̀ fi òmíràn dípò. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nígbà tí ọmọ bá ti pé oṣù 6:

1. Ẹ po kóńgò àgbàdo 2 mọ́ kóńgò ẹ̀wà bíbó 1, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ sì sè é jinná dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn kọ sóyà ni ó lè jẹ ẹ̀wà tiwa.

2. Ẹ lọ edé tàbí ẹja gbígbẹ tí a ti yọ egungun rẹ̀ kúnná, kí ẹ fi ṣíbí kan sínú ògì náà pẹ̀lú epo pupa díẹ̀.

3. Ẹ fún un ní ẹyin tí a sè jinná, ànàmọ́ tí a gún, àti ẹ̀fọ́ tí a gé wẹ́wẹ́.

4. Oúnjẹ tuntun kan ṣoṣo ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ dúró fún ọjọ́ 3 kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Bí ó bá ṣe ọmọ ní nǹkan, ẹ ó mọ èyí tí ó fà á.

IṢẸ́ ẸGBẸ́ ALÁJẸṢẸ́KÙ

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tí ẹ ní ẹ̀rọ ìlọ̀ tí ẹ sì ń ta ògì gbígbẹ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí ẹ bá lọ sóyà tán tí ẹ sì da àgbàdo lé e lójú kan náà, sóyà ti wà nínú ògì tí ẹ pè ní àgbàdo lásán. Ẹ ṣe báyìí:

Ẹ ya ọjọ́ sóyà sọ́tọ̀, tàbí kí ẹ máa lọ̀ ọ́ kẹ́yìn nírọ̀lẹ́. Ẹ tú ẹ̀rọ náà, kí ẹ fọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ gbá ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kúrò pátápátá. Ẹ lọ ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo mélòó kan, kí ẹ sì dà á fún adìẹ kí ẹ tó lọ ti oníbàárà. Ẹ ní ajọ̀, igbá àti àpò sóyà lọ́tọ̀, kí ẹ fi ọ̀dà sàmì sí wọn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ kọ gbogbo ohun tí ó wà nínú ọ̀rá sí ara rẹ̀ ní èdè Yorùbá: “Àgbàdo àti sóyà ni ó wà nínú èyí,” tàbí “Ẹ̀rọ tí ó ń lọ sóyà ni ó lọ èyí.” Ìwé pélébé náà kò wọ́n, ó sì lè gba ẹ̀mí ọmọ là. Ọjà tí ènìyàn bá mọ inú rẹ̀ ni yóò padà wá rà.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni fa sóyà tu ní oko. Oúnjẹ rere ni fún àwọn ọmọ tí ó pọ̀ jù lọ. Àwọn tí ara wọn kọ̀ ọ́ pàápàá kì í wà bẹ́ẹ̀ títí láé: púpọ̀ nínú wọn a máa bọ́ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 5. Ṣùgbọ́n kí ìyá má ṣe dán an wò nílé. Dókítà ni yóò sọ ọjọ́ tí a ó tún tọ́ ọ wò.

Bí ohunkóhun bá rú yín lójú nípa ẹ̀rọ tàbí nípa oko, ẹ wá bá òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tí ó wà ní agbègbè yín. Bí ó bá jẹ́ nípa ara ọmọ, nọ́ọ̀sì ni kí ẹ tọ̀ lọ, kí ẹ sì mú ìwé tí ẹ kọ oúnjẹ ọmọ sí dání.