Àgbà Obìnrin Lójú Agbo

Ní Sanguéra, lójú ọ̀nà tí ó ti Lomé lọ sí Kpalimé, kò ṣòro láti rí agbo ijó ní ọjọ́ Sátidé. Wọn a ta àtíbàbà, wọn a to àga, orin a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kíkankíkan. Àga iwájú ni a máa ń fún ìyá àgbà. A ó kúnlẹ̀ kí i, a ó jó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a ó lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ṣùgbọ́n bí ìyá náà bá dìde fúnra rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn èjìká, tí ó ń yí ìdí, kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọ yóò fi sọ pé: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ó ti tó.” Wọn yóò ní nítorí eékún ni. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ojú ló ń ti àwọn ọmọ.

Ìtìjú yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé obìnrin kan wà tí ó ti fi ara rẹ̀ bá a wọ̀jà lójú gbogbo ayé. Germaine Acogny ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ọdún 1944 ní Dahomey, ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí, tí ó pààlà pẹ̀lú Tógò wa. Olórìṣà ni ìyá bàbá rẹ̀, ọmọ Yorùbá sì ni. Sénégal ni Acogny gbé dàgbà. Láti ọdún 1977 títí di 1982, òun ni ó darí Mudra Afrique ní Dakar, ilé-ẹ̀kọ́ ijó tí Ààrẹ Senghor àti Maurice Béjart, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ijó tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, fọwọ́ sowọ́ pọ̀ dá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, òun àti ọkọ rẹ̀, Helmut Vogt, dá École des Sables sílẹ̀ ní Toubab Dialaw, létí òkun. Àwọn ọ̀dọ́ oníjó ń ti gbogbo Áfíríkà wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀.

Nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, àyà ni oòrùn, ìdí ni òṣùpá, abẹ́ ìkùn ni ìràwọ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn sì ni ejò ìyè. Kò sí ẹ̀yà ara kan níbẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ tijú rẹ̀. Oòrùn kì í sì í ṣe ti àyà ọmọge nìkan.

Ijó òde òní tí Acogny ń jó yàtọ̀ sí ijó òde ìnáwó. Ẹni tí ó wá a ra tíkẹ́ẹ̀tì, a jókòó sínú òkùnkùn, iná a sì tàn sí ara oníjó nìkan. Ara yẹn ni ọ̀rọ̀ tí a wá gbọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ilé ijó ńlá fi ń fẹ́ ara tí ó jọ̀lọ̀. Ní Opéra ti Paris, ẹni ọdún 42 gbọ́dọ̀ fẹ̀yìntì nínú ijó. Bẹ́ẹ̀, lójú àwọn ìyálọ́jà wa, ọmọdé ṣì ni ẹni ọdún 42.

Ìtàn kan wà tí àwọn oníjó ayé kò yé padà sí. Ní ọdún 1913, ní Paris, wọ́n kọ́kọ́ jó *Le Sacre du printemps*, tí Stravinsky kọ orin rẹ̀. Nínú ìtàn náà, wọ́n yan ọmọge kan láti jó títí yóò fi kú, kí ilẹ̀ lè tún yọ ewé. Béjart fẹ́ kí Acogny jó ipò ọmọge yẹn nígbà kan rí, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Nígbà tí Acogny ti pé ẹni 70 ọdún ni Olivier Dubois, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe iṣẹ́ náà fún un, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní *Mon élue noire*. Òun nìkan ni ó wà lórí ìtàgé. Ó ń mu ìkòkò tábà, ó ń sọ ọ̀rọ̀ Aimé Césaire lòdì sí ìjọba amúnisìn, ó sì ń jó. Wọ́n fi ìyá àgbà sí ipò ọmọge. Ní tèmi, ibẹ̀ ni agbára iṣẹ́ náà wà: ọmọge a máa ná agbára bí omi, ṣùgbọ́n ẹni 70 ọdún kò ní èyí tí yóò fi ṣòfò, nítorí náà gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ ni ó níye lórí.

Ẹnìkan lè béèrè pé: ṣé ìgbà yìí ni ijó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún àgbà obìnrin? Rárá o. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà. Nítorí àwọn ìyá wa ni a ṣe ń jó o, UNESCO sì kéde rẹ̀ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ṣùgbọ́n ta ni ó wà lábẹ́ aṣọ? Ọkùnrin ni. Ó gbé igi gbígbẹ́ lérí, ó so ọmú àti ìdí àtọwọ́dá mọ́ra. Ẹwà Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò kéré, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Síbẹ̀, a bọ̀wọ̀ fún ìyá láìrí ara ìyá. Ìbẹ̀rù sì wà nínú ọ̀wọ̀ náà, nítorí pé nígbà tí a bá sọ pé “àwọn ìyá wa”, gbogbo wa ni a mọ ohun mìíràn tí a ní lọ́kàn. Ní oṣù keje ọdún 2020, ní Kafaba, ní àríwá Ghana, wọ́n lu ìyá ẹni 90 ọdún pa ní gbangba, àwọn ènìyàn sì ń wò. Wọ́n ní àjẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ní ẹkùn wa mọ̀ pé ó sàn kí ojú má tilẹ̀ tó wọn.

Ní ìlú Wuppertal, ní Jámánì, Pina Bausch gba ọ̀nà mìíràn. Ó ti ṣe ijó kan tí ń jẹ́ *Kontakthof* ní ọdún 1978. Ní ọdún 2000, ó tún un ṣe pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ti lé ní ọdún 65, ọkùnrin àti obìnrin, tí ijó kì í ṣe iṣẹ́ wọn rárá. Nínú rẹ̀, wọn a rìn wá síwájú, wọn a fi ojú hàn, wọn a fi ẹ̀yìn hàn, wọn a na ọwọ́, wọn a ṣí eyín sílẹ̀, bí ẹran tí a fẹ́ tà lọ́jà. Àwọn olùwòran a rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín a tán. Ohun tí a ti ń wò lára àgbà ní ìkọ̀kọ̀ ni àwọn àgbà fúnra wọn fi hàn wá.

Ní ti eékún, èyí tí àwọn ọmọ fi ń ṣe àwáwí, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba ẹni tí ó ti lé ní ọdún 65 níyànjú pé kí ó máa ṣe eré ìdárayá tí ń fún ara lágbára, tí kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn ṣubú, ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Àga iwájú kò sí nínú ìmọ̀ràn wọn.

Ní ọdún 2021, Acogny gba Kìnnìún Wúrà, ẹ̀bùn tí ìlú Venice ń fún ọ̀gá nínú ijó fún iṣẹ́ ìgbà ayé rẹ̀. Ní ọdún kan náà, òun àti Malou Airaudo, obìnrin ilẹ̀ Faransé tí ó ti bá Pina Bausch ṣiṣẹ́ tipẹ́, tí òun náà ti lé ní 70, bẹ̀rẹ̀ sí í jó *common ground[s]* káàkiri ayé. Wọ́n jókòó, wọ́n kẹ́yìn sí àwọn olùwòran, ọ̀pá gígùn kan wà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò kánjú. Ìyá àgbà dúdú kan àti ìyá àgbà funfun kan ń dìde, wọ́n ń rìn, wọ́n ń fara ti ara wọn, kò sì sí ẹni tí ó ní kí wọ́n jókòó.

Nígbà tí àwọn méjèèjì bá kúrò, àwọn òṣìṣẹ́ a wọlé, wọn a da ilẹ̀ dúdú sórí ìtàgé, wọn a sì tẹ́ ẹ kárí. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀dọ́ oníjó tí wọ́n lé ní 30, láti orílẹ̀-èdè 14 ní Áfíríkà, a bọ́ sórí ilẹ̀ náà láìwọ bàtà láti jó *Sacre* tí Pina Bausch ṣe. Nínú wọn ni a ó ti yan ọmọge náà.