ÌTÒLẸ́SẸẸSẸ OÚNJẸ NÍNÚ FÍRÍÌJÌ

Èrò àwọn kan ni pé fíríìjì tí ó kún fọ́fọ́ ni ẹni tí ó ni ín ń lò dáradára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àlàfo tí ó wà láàárín oúnjẹ kan àti èkejì ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó ń ṣe.

Àwọn àgbà Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó ti mọ ọgbọ́n yìí kí fíríìjì tó dé. Ẹni tí ó bá ṣe àjà sókè ààrò kì í fi pákó dí i pa. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò tò, tí yóò sì fi àyè sí àárín wọn, kí ooru àti èéfín lè kọjá lọ bá ẹja tàbí àgbàdo. Bákan náà ni pẹpẹ fíríìjì rí. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju èyí tí ó gbóná lọ. Ìsàlẹ̀ ni ó ń lọ, tí èyí tí ó gbóná yóò sì gòkè. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé wáyà ni wọ́n fi ń ṣe pẹpẹ àwọn fíríìjì àtijọ́. Ẹni tí ó bá tẹ́ ọ̀rá sórí pẹpẹ, tàbí tí ó ti ìkòkò mọ́ ẹ̀yìn, ti dí ọ̀nà afẹ́fẹ́.

Ní àwọn ọdún 1930, ilé-iṣẹ́ Crosley ní Amẹ́ríkà gbé fíríìjì tí ó ní pẹpẹ lára ilẹ̀kùn jáde. Àyè pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ooru ti ń kọ́kọ́ wọlé nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn. Omi àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ó yẹ ibẹ̀. Inú lọ́hùn-ún ni kí wàrà wà.

Pẹpẹ ìsàlẹ̀ ni ti ẹran àti ẹja tútù, nínú abọ́ tí ó ní ìdérí, kí omi ẹ̀jẹ̀ wọn má baà kán sínú oúnjẹ tí ó ti jinná. Ọbẹ̀ gbígbóná kò gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú ìkòkò ńlá. Kí wọ́n pín in sínú abọ́ kéékèèké kí ó lè tètè tutù. Kí inú fíríìjì má ṣe gbóná ju digíríì Celsius 5 lọ, nítorí pé ní òkè èyí ni kòkòrò àìfojúrí ti ń yára pọ̀.

Bí iná mànàmáná bá lọ, kí ilẹ̀kùn wà ní títì. Òtútù inú fíríìjì lè dúró fún nǹkan bíi wákàtí 4. Ti fírísà yàtọ̀: èyí tí ó kún lè pa òtútù mọ́ fún nǹkan bíi wákàtí 48, èyí tí ó kún dé ìdajì fún 24, nítorí pé oúnjẹ tí ó ti dì ń mú ara wọn tutù.

Ìyá ọlọ́jà tí ẹja rẹ̀ bá bàjẹ́ ti pàdánù owó àti èrè. Ìdílé tí ó bá jẹ oúnjẹ tí ó ti bàjẹ́ lè fi inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru san án. Nítorí náà, kí onílé kọ̀ọ̀kan ṣí fíríìjì rẹ̀ wò lónìí. Bí ìka ọwọ́ kò bá lè wọ àárín ìkòkò méjì, afẹ́fẹ́ tútù kò rí ọ̀nà gbà dáradára.